Ẹni Tí Orúkọ Rẹ̀ Kò Sí Nínú Ìwé

Láti ìgbà tí mo ti dé, ìbéèrè mẹ́ta ni gbogbo yín ń bi mí. Àwọn ọmọdé ń béèrè bóyá mo fọwọ́ kan yìnyín. Àwọn ìyá ń béèrè ohun tí mo ń jẹ. Àwọn àgbà ọkùnrin, pàápàá àwọn tí wọ́n dáwó nínú ẹgbẹ́ ọmọ bíbí Òmù kí n tó lè lọ sí Amẹ́ríkà, wọn a rọra fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọn a ní, "Bọ̀dúndé, ṣé lóòótọ́ ni pé bọ́ọ̀lù lo fi kàwé?" Mo ti dáhùn títí ẹnu fi ń ro mí. Ni mo bá ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ní Ìkọ̀lé, ní Ọ̀yẹ́ àti ní Ìdó lè rí i kà, títí kan àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìlúpéjú tí wọ́n ní irọ́ ni mò ń pa.

Òótọ́ ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Bọ́ọ̀lù ni mo fi kàwé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí à ń fẹsẹ̀ gbá ní pápá ilé-ìwé. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbá tọ̀hún, inú ilé sì ni, lórí pákó tó ń dán bí àwo. Wọ́n á kan agbọ̀n onírin tí kò nídìí mọ́ òkè, níbi tí ọkùnrin tó ga kò lè fọwọ́ kàn láìfò. Èèyàn márùn-ún níhìn-ín, márùn-ún lọ́hùn-ún, ẹgbẹ́ tó bá ju bọ́ọ̀lù sínú agbọ̀n jù ló borí. Básíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè é. Bọ́ọ̀lù agbọ̀n ni èmi yóò máa pè é fún yín.

Ìpele mẹ́rin

Ẹni tó bá mọ Òmù, ó mọ bàbá mi. Ọ̀mọlé ni gbogbo ayé ń pè é. Láti Òmù títí dé Ìrè, ilé tí ọwọ́ rẹ̀ mọ kò lóǹkà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ju amọ̀ fún un nígbà ìsinmi. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: a ó tẹ amọ̀ títí yóò fi fà, a ó ká a ní ìṣù ìṣù, ẹni tó wà nílẹ̀ á máa jù ú sókè, ọ̀mọlé tó dúró lórí ògiri á máa hán an. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n jù á lu ọ̀mọlé láyà, tàbí kó mú un na ọwọ́ títí yóò fi já bọ́.

Bàbá mi a máa sọ fún mi pé, "Má wo amọ̀. Ọwọ́ mi ni kí o máa wò. Ibi tí ọwọ́ mí ń bọ̀ ni kí o jù ú sí, kì í ṣe ibi tí ó wà." Mo fi ọdún mẹ́wàá gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Nígbà tí mo fi di olùkọ́, tí mo ti ga débi pé wọ́n ń pè mí ní Agùntáṣọọ́lò, mo ṣì ń ju amọ̀ fún un ní gbogbo ìsinmi.

Òyìnbó Amẹ́ríkà kan tó ń kọ́ni ní ẹ̀gbẹ́ Ìdó ló bá mi kọ̀wé sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan tí ìjọ wọn dá sílẹ̀. Wọ́n gbà mí. Owó tí ìlú dá tó ọkọ̀ ojú omi àti ẹ̀kọ́ ọdún kan. Ti ọdún mẹ́ta yòókù, ọwọ́ Ọlọ́run àti ọwọ́ èmi fúnra mi ló wà, gbogbo wa sì mọ̀ ọ́n nígbà tí a ń gbàdúrà ìdágbére ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó ku ọ̀la tí n ó lọ ni bàbá mi mú mi dé ẹ̀gbẹ́ ilé wa. Ó ti wọn ilẹ̀ ibẹ̀, ó ti gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé yàrá mẹ́rin.

Ó ní, "Ọdún mélòó lo máa lò níbẹ̀?"

"Mẹ́rin, Bàbá."

"Ìpele ògiri mẹ́rin ni ulé yìí. Tìrẹ ni. Bí o bá ti parí ọdún kan, kọ lẹ́tà sí mi, n ó mọ ìpele kan. Ọdún tí o ò bá parí, n ò ní mọ ọ́n. Àmọ́ uṣẹ́ mi ni, mo sì mọ ohun tí mò ń sọ: ògiri tí a bá mọ dé àárín tí a fi sílẹ̀, òjò ní í jẹ ẹ́."

Ó fi ẹsẹ̀ tẹ erùpẹ̀ etí ihò náà, ó wọlé lọ. Ẹ̀rù bà mí ju ti òkun lọ.

Ìlú tí wọn kì í dúró kíni

Mo gba òkun, mo gba ojú irin, mo gba bọ́ọ̀sì, n kò ní fi ìyẹn dá yín lágara. Ibi tí wọ́n sọ mí sí, àgbàdo ló wà níbẹ̀ láti ìhín dé ibi tí ojú lè ríran dé. N kò rí ebè kan ṣoṣo. Mo ní nínú ara mi pé ilẹ̀ tó dúdú tó báyìí, kí ló dé tí kò sẹ́ni tó gbin iṣu sí i?

Ìyá àgbà òyìnbó kan láti ìjọ náà ló wá pàdé mi. Màmá Rúùtù ni mo ń pè é. Ó ní, "Báwo ni?" Mo gbé àpótí mi kalẹ̀ láti dá a lóhùn bó ṣe yẹ: pé bàbá mi ní kí n kí i, ìyá mi ní kí n kí i, pásítọ̀ wa àti gbogbo ìjọ ní kí n kí i. Kí n tó dé orí ìyá mi, ó ti ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò rẹ̀, ó ti jókòó, ó ń dúró dè mí. Àṣé ìkíni lásán ni, kì í ṣe ìbéèrè. Ó tó oṣù kan kó tó mọ́ mi lára.

Èèyàn dáadáa ni ìyá náà. Agẹrun kan ṣoṣo tó wà ní ìlú yẹn ní òun kò mọ bí a ṣe ń gẹ irú irun tèmi. Irọ́ ló pa, ó kàn kórìíra àwọ̀ mi ni. Nígbà tí mo sọ fún Màmá Rúùtù, ojú rẹ̀ pọ́n, ó mú sísọ́ọ̀sì tó fi ń ránṣọ, ó gẹ irun náà fún mi ní kíṣìnì rẹ̀. Orí mi dà bí oko tí ewúrẹ́ wọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ń gẹ ẹ́ fún odindi ọdún mẹ́rin, mo sì ń dúpẹ́.

Ti oúnjẹ ńkọ́? Ẹ̀yin ìyá, ẹ má bínú, wọn kì í fi ata sí nǹkan kan. Wọ́n á fi ṣúgà sí ẹ̀wà. Wọ́n á fi nǹkan dídùn pa ẹran lára. Ewé tútù ni wọ́n ń jẹ láìsè é, bí ehoro. Ní ọjọ́ kejì tí mo dé ilé oúnjẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ọmọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí ń kọjá lọ, mo ní kó wá jẹun, bí ọmọlúàbí ṣe ń ṣe. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ohun tó yẹ kó sọ ni pé òun gbà bí ẹní jẹ, kó sì máa lọ. Ó jókòó. Ó fa àwo mi, ó mú itan adìẹ, ó jẹ ẹ́ tán, ó dúpẹ́, ó lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wo ẹni tí mò ń pè wá jẹun.

Bí wọ́n ṣe ń tọrọ agbábọ́ọ̀lù

Ọmọkùnrin tí wọ́n fi èmi àtirẹ̀ sí yàrá kan ń jẹ́ Déèlì. Bí mo ṣe ga tó, abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ ni mo mọ. Òun ló ṣàlàyé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù agbọ̀n fún mi. Ó ní bọ́ọ̀lù ló gbé òun dé kọ́lẹ́ẹ̀jì: ilé-ìwé ń san owó ẹ̀kọ́ òun, wọ́n ń bọ́ òun, wọ́n fún òun ní ìwé, gbogbo rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Sikọ́láṣíìpù ni. Ẹni tó wá mú un ni Kóòṣì Bẹ́nẹ́ẹ̀tì, ọkùnrin kúkúrú kan tó pá lórí, tó ń kọ́ wọn ní eré náà.

Mo ní kó sọ bó ṣe wá mú un. Ó ní kóòṣì wá sí ilé àwọn lẹ́ẹ̀mẹta. Ó jókòó, ó kí bàbá òun, ó jẹ oúnjẹ ìyá òun, ó yìn ín. Kóòṣì ilé-ìwé méjì míràn náà ń wá, ìyá òun sì ń wo èyí tó mọ ìwà hù jù nínú wọn.

Mo ní, "Ta ni alárinà yín?"

Kò yé e. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ìhà mú. Ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọmọge níhìn-ín, ọmọkùnrin gíga ni wọ́n ń ṣe é fún lọ́hùn-ún! Ẹni tí wọ́n bá tọrọ báyìí, wọ́n á sanwó orí rẹ̀, wọ́n á máa gẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n Déèlì ní àwọn kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tọrọ, tí wọ́n kàn fẹsẹ̀ ara wọn rìn wọlé wá pé àwọn náà fẹ́ gbá a. Arìnwọlé ni ká pè wọ́n. Wọn kò ní owó kankan. Kóòṣì á dán wọn wò fún ọjọ́ mẹ́ta, á mú ẹyọ kan tàbí méjì. Déèlì ní bí arìnwọlé bá ṣe dáadáa títí ọdún fi parí, kóòṣì lè fún un ní sikọ́láṣíìpù fún àwọn ọdún tó kù.

Ìyàwó tí a kò tọrọ, tó gbé ẹrù ara rẹ̀ lórí lọ sílé ọkọ: ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń fi irú rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ nílé wa. Ṣùgbọ́n ìpele mẹ́rin bàbá mi ni mò ń rò. Mo ní èmi náà á lọ.

Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn

Ní ọjọ́ kìíní, wọ́n gbé bọ́ọ̀lù fún mi, mo gbá a mọ́ àyà, mo sá lọ tààrà sí abẹ́ agbọ̀n bí olè tó gbé adìẹ. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Àṣé èèwọ̀ ni, ńṣe ni kéèyàn máa lù ú mọ́ ilẹ̀ bó ṣe ń lọ. N kò mọ̀ ọ́n lù. N kò mọ̀ ọ́n jù sínú agbọ̀n. Ṣùgbọ́n nígbà tí kóòṣì ní ká máa jù ú síra wa, wọn kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ìṣù amọ̀ wúwo ju bọ́ọ̀lù yẹn lọ dáadáa. Níbikíbi tí èèyàn bá sá gbà, ọwọ́ rẹ̀ ni mò ń wò, bọ́ọ̀lù á sì pàdé rẹ̀ níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, kóòṣì lẹ ìwé kan mọ́ ilẹ̀kùn. Orúkọ èèyàn méjìlá ló wà níbẹ̀, ti Déèlì ni àkọ́kọ́. Tèmi kò sí níbẹ̀. Àwọn arìnwọlé yòókù wò ó, wọ́n gbé báàgì wọn, wọ́n lọ. Èmi wò ó, inú mi sì dùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín kí ẹ tó gbọ́ tán. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń bẹ ọ̀wẹ̀. Bí iṣẹ́ bá wà, wọ́n á ka orúkọ àwọn tó jẹ́ dandan fún, àwọn àna àti àwọn ẹgbẹ́. Ẹni tí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀ tí kò wá, ó jẹ̀bi. Ẹni tí wọn kò dárúkọ, ó lè wá bó bá wù ú, bó bá sì wá, òun ni wọ́n máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ jù. Mo rò ó pé àwọn méjìlá wọ̀nyí ni wọ́n ti sanwó orí wọn, dandan ni kí wọ́n wá. Èmi, wọ́n fi mí sílẹ̀ kí n fi ìfẹ́ inú mi hàn.

Ní agogo mẹ́rin ọjọ́ kejì, mo dé, mo tò sórí ìlà. Kóòṣì wò mí.

Ó ní, "Ṣé o rí ìwé tó wà lára ilẹ̀kùn?"

"Mo rí i, sà."

"Orúkọ rẹ kò sí níbẹ̀."

"Mo rí i bẹ́ẹ̀, sà. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá."

Ó nawọ́ sí ìgbálẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo gbá ilẹ̀ pákó náà láti orí dé ìdí. Lẹ́yìn náà ni mò ń ju bọ́ọ̀lù fún àwọn tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń jù ú sínú agbọ̀n, ọgọ́rùn-ún lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kóòṣì kò lé mi, kò sì sọ fún mi pé òun ti lé mi.

Déèlì ló sọ ọ́. A jókòó sí yàrá, ojú ń tì í, ó ń wo bàtà rẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dúndé, àwọn tí kóòṣì mú ló kọ orúkọ wọn. Àwọn tí kò kọ orúkọ wọn, ó ní kí wọ́n má wá mọ́ ni."

Mo ronú kan gbogbo ọjọ́ tí mo fi gbálẹ̀ tí mò ń kọrin lábẹ́ ẹnu bí ẹni tó ń ṣe nǹkan àgbàyanu. Mo ní àwọn èèyàn yìí á ti fi mí ṣẹ̀sín tó. N kò lọ ní ọjọ́ kejì. N kò lọ ní ọjọ́ kẹta.

Kóòṣì jẹ oúnjẹ ìyá mi

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta yẹn, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn wa. Kóòṣì Bẹ́nẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ni. Mo dìde.

Ó ní, "Níbo lo wà láti àná?"

"Ẹ má bínú, sà. N kò mọ̀ pé ẹ ti lé mi."

"Mo lé ọ lóòótọ́. Ṣé ìyẹn ló ní kí o má wá?"

Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì Déèlì, ó ní kí n ṣàlàyé ohun tó ń gbé mi wá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo sọ ọ̀rọ̀ ọ̀wẹ̀ fún un. Mo sọ ti amọ̀. Mo sọ ti bàbá mi, ìpele mẹ́rin àti òjò.

Kóòṣì wá ní, "Méjìlá ni mo kọ orúkọ wọn. Bí n kò bá kọ ọ́, n kò mọ ẹyọ kan nínú wọn tí ìbá wá."

Àlejò kì í wọ ilé èèyàn kó má jẹ nǹkan. N kò ní nǹkan kan nínú yàrá ju gààrí tí ìyá mi dì sínú àpótí mi. Mo bu díẹ̀ sínú kọ́ọ̀bù, mo fi ṣúgà sí i, mo bu omi tútù lé e. Ó mu ún. Ó rún un díẹ̀ lẹ́nu, ó ní, "Ó dà bí iyanrìn." Ṣùgbọ́n ó mu ún tán pátápátá, ó fi ṣíbí ha ìdí rẹ̀, ó sì ní kí n kí ẹni tó ṣe é.

Nígbà tó jáde, Déèlì gbá mi léjìká. Ó ní, "Ó ti jẹ oúnjẹ ìyá rẹ o."

Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n wá tọrọ èmi náà. Lóru yẹn n kò lè sùn fún ayọ̀.

Oúnjẹ tí a kò jẹ

Mo padà sídìí ìgbálẹ̀ mi, ṣùgbọ́n nísinsìnyí kóòṣì ń kọ́ mi. Màmá Rúùtù rán ṣòkòtò eré kan fún mi, ó gùn ju ti gbogbo wọn lọ nítorí ó ní òtútù á mú mi. Yìnyín dé. Ẹ̀yin ọmọdé, mo fọwọ́ kàn án. Ó ń jóni bí iná, ẹ má jẹ́ kó wù yín.

Ó kù díẹ̀ kí eré ọdún náà parí ni ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù fún Déèlì fi orúnkún ṣèṣe. Ilé-ìwé ńlá kan sì ti tan ẹnì kejì lọ sọ́dọ̀ ara wọn. Wọ́n ń gba ìyàwó oníyàwó lọ́hùn-ún náà. Kóòṣì ní kí n wọ aṣọ. A wọ bọ́ọ̀sì lọ bá àwọn kan gbá a ní ìlú tó jìnnà.

A yà síbì kan lọ́nà láti jẹun. Wọ́n ti gbé oúnjẹ síwájú àwọn yòókù nígbà tí onílé oúnjẹ náà wo àwọ̀ mi, tó sọ fún kóòṣì pé òun á di tèmi sínú àpò kí n lọ jẹ ẹ́ níta. Mo ti ń dìde. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ebi pa ẹnikẹ́ni torí mi. Déèlì dìde. Kóòṣì sanwó oúnjẹ, ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì, ó ní, "Ó yá, bọ́ọ̀sì." Àwọn kan nínú wọn kùn, n kò ní purọ́ fún yín, torí ebi ń pa wọ́n gan-an. Síbẹ̀ gbogbo wọn jáde. Búrẹ́dì la jẹ nínú bọ́ọ̀sì, ẹ̀pà lílọ̀ la fi pa á lára. N kò jẹ oúnjẹ tó dùn jù ú lọ ní gbogbo ọdún mẹ́rin yẹn.

Ní alẹ́ náà kóòṣì ní, "Bọ̀dúndé, wọlé." Ariwo ilé yẹn pọ̀, wọ́n ń sọ oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ sí mi. N kò gbọ́ wọn mọ́ nígbà tí mo rí ọwọ́ Déèlì. Ó ń lọ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbọ̀n gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ bàbá mi ṣe máa ń lọ sókè lórí ògiri. Mo jù ú síbi tí ọwọ́ náà ń bọ̀. Ó hán an, ó sọ ọ́ sínú agbọ̀n. Mo tún jù ú. Ó tún hán an. Èmi gan-an, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni bọ́ọ̀lù mi wọ agbọ̀n, ọ̀kan sì jẹ́ àṣìṣe. Ṣùgbọ́n a borí. Déèlì ni gbogbo èèyàn ń pàtẹ́wọ́ fún, ìyẹn kò sì dùn mí, torí kò sẹ́ni tó ń wọ ilé kan tó ń béèrè ẹni tó ju amọ̀ rẹ̀. Déèlì ló nàka sí mi níwájú gbogbo wọn.

Nígbà tí ọdún parí, kóòṣì ní kí n lọ wo ilẹ̀kùn. Ìwé ọdún tó ń bọ̀ ti wà níbẹ̀, orúkọ àwọn tí wọ́n fún ní sikọ́láṣíìpù. Tèmi ni àkọ́kọ́, ó sì kọ ọ́ pẹ̀lú gbogbo àmì orí rẹ̀ bí mo ṣe kọ́ ọ.

Mo ní, "Sà, bí orúkọ mi bá ti wà níbẹ̀, ó di dandan kí n wá nìyẹn."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo jókòó lọ́jọ́ yẹn, mo kọ lẹ́tà sí bàbá mi. Ìlà kan ṣoṣo ni: "Bàbá, ẹ mọ ìpele kìíní, àwọn mẹ́ta yòókù ń bọ̀."

Ilé

Ọdọọdún ni mo ń kọ̀wé, ọdọọdún ni èsì ń dé láti ọwọ́ pásítọ̀ wa: "Bàbá rẹ ní wọ́n ti mọ ọ́n." N kò fura sí "wọ́n" yẹn. Mo rò ó pé ọ̀wọ̀ àgbà ni.

Mo kàwé gboyè, mo wọ ọkọ̀ padà. Ilé-ìwé gíga kan ní Ìkọ̀lé ni mo ti ń kọ́ni báyìí. Ṣùgbọ́n kí n tó dé Ìkọ̀lé, Òmù ni lọ́rì kọ́kọ́ sọ mí sí. N kò yà sílé. Ẹ̀gbẹ́ ilé ni mo gbà lọ.

Ìpele mẹ́rin ló dúró níbẹ̀ pé pérépéré, wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó lórí nítorí òjò. Mo fọwọ́ pa á lára. Ìpele kìíní tọ́ bí ojú ọ̀nà ọba, ọwọ́ bàbá mi nìyẹn. Ìkejì kò tọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìkẹta wọ́ láti igun kan dé èkejì. Mo rí ipa ìka ọwọ́ lára rẹ̀, ńlá àti kékeré, ọwọ́ ọkùnrin, ọwọ́ obìnrin, oríṣiríṣi.

Bàbá mi jáde wá. Ọ̀pá ló fi ń rìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ti wọ́. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní òun já bọ́ lórí ògiri ní ìlú Ìrè, ó ku díẹ̀ kí ó kan ìpele kejì, òun sì ní kí ẹnikẹ́ni má kọ ọ́ sí mi.

Mo ní, "Bàbá, ta ló wá mọ ìyókù?"

"Lẹ́tà rẹ dé. Pásítọ̀ kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì pé o ti parí ọdún kejì. Ẹsẹ̀ mi wà nínú ìdè igi. Mo ní, ó tán, òjò á jẹ ẹ́. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo gbọ́ ariwo. Wọ́n ti ń tẹ amọ̀."

"Ta lẹ pè?"

"N ò pe ẹnìkankan. Ọdún kẹta, wọ́n tún wá. Ọdún kẹrin, àwọn ará Ìrè pàápàá wá. Mo jókòó sórí àga, mò ń pariwo pé ìpele kẹta wọ́. Wọn ò gbọ́. Kì í ṣe uṣẹ́ wọn. Sáà wò ó, ó bu ulé náà kù."

Mo ní, "Kò bu ú kù, Bàbá." Mo ní kó ka orúkọ wọn fún mi, kí n mú ìwé, kí n lọ dúpẹ́ láti ojúlé dé ojúlé.

Ó wò mí bí ẹni tí ìwé ti pọ̀ jù lórí rẹ̀. "Orúkọ wo? N ò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Bí mo bá kọ ọ́ ni, àwọn tí mo kọ nìkan ni ìbá wá."

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ju amọ̀, n kò lè dárúkọ yín níhìn-ín. Ẹ mọ ara yín, mo sì mọ ìka yín lára ògiri mi. N kò ní rẹ́ ìpele kẹta yẹn, bẹ́ẹ̀ ni n kò ní jẹ́ kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì bò ó, bí bàbá mi tilẹ̀ ń bínú.

Páànù ti dé láti Ìkọ̀lé. Sátidé tó ń bọ̀ la ó kàn án. N kò pe ẹnikẹ́ni.